Ìwé Tí O Ní Kí N Gbà Lọ́wọ́ Ọmọ Rẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara ńkọ́, iṣẹ́ ńkọ́, ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé ẹ̀yìn tó máa ń dùn ọ́ ti fi ọ́ sílẹ̀? Ọlọ́run tó ń ṣọ́ ọ láàárín àwọn aláìsàn kò ní jẹ́ kí ìwọ fúnra rẹ di aláìsàn. Mo mọ̀ pé fóònù wà, ṣùgbọ́n gbogbo ìgbà tí mo bá pè ọ́ lo máa ń ní kí n dákẹ́ ná, pé o wà lẹ́nu iṣẹ́. Lẹ́tà ò ṣeé ní kó dákẹ́, torí náà jókòó kí o kà á.

Òrùlé ilé ìdáná tó ń jò, a ti tún un ṣe. Orúnkún mi ò jẹ́ kí n gun àkàbà mọ́, ìyá rẹ ló gùn ún, èmi dúró nísàlẹ̀, mò ń sọ ohun tí yóò ṣe. Ó ní gbogbo ogójì ọdún tí mo fi ṣe bíríkìlà, òun ò mọ̀ pé ẹnu ni mo fi ń ṣe é. Ó kí ọ.

Ọ̀rọ̀ tó jẹ́ kí n mú bírò ni ti ọmọ rẹ, tí gbogbo àdúgbò ti sọ ní Ìyá Ìwé báyìí. Nígbà tí o mú un wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ wa, o pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, o ní láti ìgbà tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni kò ti bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ mọ́, pé ìwé ìtàn àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ìjọba jà ló kó sí i lórí. O ní kí n gbà wọ́n lọ́wọ́ rẹ̀, kí n sì rí i pé ó fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù iléèwé tí o fi sílẹ̀, ká fi í ránṣẹ́ kí oṣù tó parí. Mo gba ìwé náà. Méjì ni, wọ́n nípọn bíi búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ èmi kì í tọ́jú ẹrù tí mi ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ni mo bá ṣí àkọ́kọ́.

Ṣé ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìlú ńlá mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀? Ìlú kan wà tí wọ́n mọ ògiri gíga yí ká. Ọmọ tó bá ti pé ọdún mẹ́rìndínlógún, àwọn àgbà á mú un lọ sójú oòrùn, wọ́n á gbé òjìji rẹ̀ sórí òṣùwọ̀n, bí òjìji náà bá ṣe wúwo tó ni wọ́n á fi yan iṣẹ́ tí yóò ṣe títí ọjọ́ ikú fún un. Wọ́n wá gbé ti ọmọbìnrin kan síbẹ̀, òṣùwọ̀n ò mì rárá, ọmọ náà bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

Ìyá rẹ ní ìtàn lásán ni, pé kò síbi tí wọ́n ti ń wọn òjìji. Mo fi ojú ewé kejì hàn án. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀, láìsí ẹni tó bi wọ́n, pé kò sẹ́nikẹ́ni nínú ìwé náà tó jọ ẹni tó wà láyé tàbí ẹni tó ti kú, bó bá sì jọ, èèṣì ni. Ọmọ mi, mo ti bá àwọn tó ń jí sìmẹ́ǹtì ṣiṣẹ́. Ẹni tí kò mú nǹkan kì í ṣàlàyé kí a tó bi í. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé òótọ́ ni.

Mi ò lè gbé ìwé náà sílẹ̀ mọ́. Ohun tó dùn mí jù nínú rẹ̀ ni àwọn òbí. Mo wá bàbá tàbí ìyá kan ṣoṣo tó ní làákàyè, mi ò rí. Àwọn tí kò tíì kú nínú wọn á ní wọ́n wọn àwọn náà rí, kò sì pa àwọn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, àmọ́ níbẹ̀ yẹn, àgbà kún ọjà, orí ọmọ ń wọ́. Ìwé kejì wá parí síbi tí ọmọbìnrin náà há sí ẹsẹ̀ ògiri, tí àwọn ẹ̀ṣọ́ ń bọ̀. Ó parí síbẹ̀ o. Ọjọ́ méjì ni oúnjẹ ò fi lọ lẹ́nu mi.

Ni mo bá kọ̀wé sí àwọn tó tẹ̀ ẹ́, nítorí àdírẹ́sì wọn wà ní ojú ewé kejì kan náà. Mo ní kí wọ́n sọ fún ọmọ náà pé kó má gun ògiri rárá. Kò sí ògiri tó ga tó bẹ́ẹ̀ tí bíríkìlà kò ní fi ihò sílẹ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀ kí omi òjò lè bá jáde, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi máa wó. Kó wá ibi tí ilẹ̀ ti dagẹ̀rẹ̀, kó tọ ipa omi.

Mo ní kí Ìyá Ìwé bá mi yẹ lẹ́tà náà wò nítorí àṣìkọ. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tó rín nínú ilé yìí, omi sì tún wà lójú rẹ̀, mi ò mọ èyí tí mo máa gbà nínú méjèèjì. Ó ní ọ̀rọ̀ ihò náà kò ní yé wọn bí a ò bá yà á. Ó mú pẹ́ńsùlù, ó ya ògiri, ó ya ìpìlẹ̀, ó ya bí ilẹ̀ ṣe dagẹ̀rẹ̀ àti ibi tí omi máa gbà. Mo ti bá àwọn tó ń ya àwòrán ilé ṣiṣẹ́, àwọn tó máa ń wọ bàtà dídán wá síbi tí a ti ń po yẹ̀pẹ̀, ìlà wọn ò gún tó bẹ́ẹ̀. Mo bi í pé níbo ló ti kọ́ ọ. Ó lọ kó àwọn ìwé iléèwé rẹ̀ wá, ẹ̀yìn gbogbo wọn kún fún ilé, pẹ̀lú àtẹ̀gùn, pẹ̀lú fèrèsé, pẹ̀lú ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà wọlé. Ó ní iṣẹ́ tó wu òun nìyẹn. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ mọ̀. Ó ní kò sẹ́ni tó bi òun.

Ni mo bá mú fọ́ọ̀mù náà jáde, mo wọ awò ojú mi. Ìkọ̀wé rẹ ni mo rí níbi gbogbo. Níbi tí wọ́n ti ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ iṣẹ́ tó wù ú, ìwọ lo kọ nọ́ọ̀sì síbẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ní kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ìdí rẹ̀, ìwọ náà ni. Ìlà kan ṣoṣo nísàlẹ̀ ló ṣẹ́ kù fún ọmọ, ibi ìfọwọ́sí. Mo ti rí òṣùwọ̀n náà. Ó kéré ju bí mo ṣe rò lọ, ó ṣeé ká sínú àpòòwé.

Mi ò bá ọ wí, nítorí mo mọ ibi tí o ti kọ́ ọ. Lọ́dún tí ìwọ pé mẹ́rìndínlógún, èmi ni mo kọ fọ́ọ̀mù tìrẹ, mo tẹ́ ẹ sórí àpò sìmẹ́ǹtì, bírò tí mo yá ni mo fi kọ ọ́. Lọ́jọ́ tí mo mú ọ lọ síléèwé nọ́ọ̀sì, o jókòó lórí ẹrù rẹ, o ò sọ̀rọ̀ títí a fi débẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá béèrè ni mo ń sọ fún pé ayọ̀ ló dí ọ lẹ́nu. Mo sọ ọ́ títí ó fi dà bí òótọ́ lójú èmi fúnra mi. Ó dùn mí, ọmọ mi.

Àwọn tó tẹ̀wé ti fèsì. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní ìwé kẹta ń bọ̀ láàárín oṣù méjì. Ọkàn mi balẹ̀, nítorí bí ọmọ náà bá ti kú, ta ni wọ́n fẹ́ kọ ìwé kẹta lé lórí? Ìyá rẹ tó ní ìtàn lásán ni ti bi mí lẹ́ẹ̀mẹta bóyá ó ti dé.

Torí náà, tí o bá fẹ́ fi owó oògùn orúnkún mi ránṣẹ́, jọ̀wọ́ fi owó ìwé kẹta kún un. Bí kò bá kárí, orúnkún lè dúró. Fọ́ọ̀mù náà wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, mi ò fi ránṣẹ́, mi ò sì fà á ya. Oṣù ku ọjọ́ mọ́kànlá. Tọrọ àyè níbi iṣẹ́, kí o gba fọ́ọ̀mù mìíràn bọ̀, kí o jókòó ti ọmọ rẹ, kí o bi í, kí o sì dákẹ́ títí yóò fi sọ̀rọ̀ tán. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bó bá ní nọ́ọ̀sì náà lòun fẹ́, èmi tí orúnkún ń dùn yìí ni màá fẹsẹ̀ rìn gbé e lọ sílé ìfìwéránṣẹ́.

Ọwọ́ rẹ tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, ọmọ tìrẹ á tọ́jú rẹ. Iṣẹ́ tí o ń ṣe kò ní ṣe ọ́. Òjìji rẹ kò ní wúwo jù fún ọ láti gbé.

Èmi ni, bàbá rẹ.

Mo gbàgbé nǹkan kan. Lọ́jọ́ tí o jókòó lórí ẹrù yẹn, iṣẹ́ wo ló wu ìwọ? Mi ò bi ọ́ rí. Kọ ọ́ sí mi, jẹ́ kó gùn dáadáa, mi ò ní ní kí o dákẹ́.