Igi Kajú Kan Tó Kù

Faïssal, àbúrò mi,

A kí ọ ní Libreville, a kí ìyàwó rẹ àti ọmọ tí a ò tíì fojú kàn. Iṣu ṣì pọ̀ ní Koko. Ẹsẹ̀ ṣì ń dun Ìyá; wọ́n ní kó o fi oògùn ránṣẹ́.

Bàbá náà wà. Oko kajú tí wọ́n gbìn de ọjọ́ ogbó, tí o ní kí wọ́n tà kí owó lè máa bí owó lórí tẹlifóònù, owó rẹ̀ wọlé síbẹ̀, kò jáde mọ́. Oko náà ni wọ́n ṣì ń lọ láràárọ̀, wọ́n ń ṣa kajú fún ẹni tó rà á. Ẹgbẹ́ rẹ ni. Ó máa ń kí wọn dáadáa.

Igi kan ṣoṣo ni wọn ò tà, èyí tí wọ́n gbìn sẹ́yìn ilé lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ. Wọ́n ní ti ọjọ́ ogbó tìrẹ nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án.

Mo gé e lánàá, mo fi dáná. Igi tútù ni, èéfín rẹ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n iṣu jinná.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ẹ̀mí gígùn, kó o gbó, kó o tọ́, kó o fi ọ̀pá tilẹ̀ délé. Kùkùté igi náà wà níbẹ̀. Wàá rí i jókòó lé.

Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin,
Karimath