Ìkẹ́dùn Lórí Ikú Ìyáàfin Monínúọlá Akínyẹlé, àti Ẹ̀bẹ̀ Nítorí Khalifa

Sí Ọ̀gbẹ́ni Akínyẹlé àti gbogbo ẹbí,
Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.

Pẹ̀lú ọkàn tí ó gbọgbẹ́ ni àwa Ẹgbẹ́ Ìyá Àjọtọ́, Òkè-Ìlá, tí a jọ ń tọ́ àwọn ọmọ wa, kọ̀wé sí yín lórí ikú Ìyáàfin Monínúọlá, aya yín, ọmọ yín, ìyá Jùwọ́n. A kò lè pè é ní àmúwá Ọlọ́run. Ènìyàn ni ó pa á, lọ́sàn-án gangan, ní àdúgbò Fájuyì.

Àwọn àgbà ní ẹnìkan ní í bímọ, igba ènìyàn ní í bá a tọ́ ọ. Monínúọlá kò fi í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Tíṣà ni. Bí àwọn ọmọ wa bá ń jẹun ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀ nírọ̀lẹ́, á kó àwa ìyá tí a kò ráyè lọ sílé ìwé jọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, á máa kọ́ wa ní á-bí-dí. Bí ẹnìkan nínú wa bá ṣì í pè, tí àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín, òun á dá wọn lóhùn pé, "Ẹ gbẹ́nu dákẹ́ o jàre, ẹ̀yin tí wọ́n ń nu ìdí fún lánàá!" Nígbà tí oyún Mùínátù, ọ̀kan nínú wa, wúwo lóṣù ààwẹ̀, Monínúọlá tí í lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni ó ń jí se sààrì fún ilé rẹ̀.

Òun náà ni ó fi òfin kan lélẹ̀ fún wa: ẹni tí ó bá mú ọmọ ẹlòmíràn dání kò gbọdọ̀ jọ̀wọ́ rẹ̀ lójú ọ̀nà, àfi kí ó fà á lé ìyá mìíràn nínú wa lọ́wọ́. Òfin yìí ni ó kú lé lórí.

Lọ́jọ́ burúkú náà, Mùínátù ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ tuntun ni, Monínúọlá sì bá a lọ mú Khalifa, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́fà, nílé ìwé. Ní Fájuyì, ọmọ náà ń sunkún torí pé wọn kò ra áásìkiriìmù fún un. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni àhesọ gba ìlú kan pé gbọ́mọgbọ́mọ ti wọ Adó. Ọkùnrin kan dá wọn dúró, ó bi ọmọ náà pé, "Ṣé ìyá rẹ nìyí?"

Ọmọ tí gbogbo wa ti kọ́ pé kí ó má purọ́ ní, "Rárá. Mọ́mì mi wà lúlé."

"Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni," ni Monínúọlá wí. "Khalifa ni orúkọ rẹ̀. Jùbrílù ni bàbá rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká pè é."

"Ìwọ tí o fi àgbélébùú kọ́rùn, ìwọ lo lọ́rẹ̀ẹ́ tó ń jẹ́ Jùbrílù? Gbọ́mọgbọ́mọ ni!"

Wọn kò pe ẹnikẹ́ni. Wọ́n gbá a létí, wọ́n já gèlè rẹ̀, wọ́n fa aṣọ ya mọ́ ọn lára, wọ́n fi pátákó là á lórí. Nígbà tí òkò bẹ̀rẹ̀ sí fò, ó dà bo ọmọ náà, ó fi ẹ̀yìn gba gbogbo rẹ̀. Obìnrin kan pariwo láti ẹnu ṣọ́ọ̀bù pé, "Fi ọmọ yẹn sílẹ̀, kí o sá wọlé síbí!" Monínúọlá, tí ẹ̀jẹ̀ ti bò lójú, dáhùn pé, "Ta ni kí n fà á lé lọ́wọ́?"

Kò jọ̀wọ́ rẹ̀, títí Moyinolúwa, alága wa, fi sáré dé láti Ọjà Ọba, tí ó ń fi èjìká la èrò. Monínúọlá fa ọwọ́ Khalifa lé e lọ́wọ́. Bí ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ ni ẹnìkan fi irin lù ú lẹ́yìn orí. Kò dìde mọ́. Nígbà tí ọlọ́pàá dé, àwọn tí ariwo wọn pọ̀ jù ni wọ́n kọ́kọ́ sá. Ọmọ náà kò fara pa rárá.

Moyinolúwa àti obìnrin oníṣọ́ọ̀bù yẹn ti sọ ohun tí wọ́n rí fún ọlọ́pàá. A ó bá yín dúró ní kóòtù, bí ó ti wù kí ó pẹ́ tó. Oúnjẹ Jùwọ́n, aṣọ rẹ̀, lílọ àti bíbọ̀ rẹ̀ nílé ìwé, ọrùn wa ni gbogbo rẹ̀ wà.

Ṣùgbọ́n a gbọ́ pé àwọn kan nínú ẹbí ní ọmọ tí ẹnu rẹ̀ pa á kò gbọdọ̀ dé ibi ìsìnkú. Ẹ̀yin àgbà wa, orí ìkúnlẹ̀ la wà. Láti ọjọ́ náà Khalifa kò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Bí a bá bi í ní nǹkan, á fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Òtítọ́ ni ọmọdé sọ. Àgbàlagbà ni ó sọ òkò. Jùwọ́n fúnra rẹ̀ wá bá wa, ó ní, "Ẹ bá mi sọ fún Dádì pé ẹ̀gbẹ́ mi ni Khalifa máa jókòó. Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀."

A ó mú Khalifa wá síbi ìsìnkú ní ọjọ́ Ẹtì. Bí ẹ bá ní kí a mú un padà, a ó mú un padà, a kò sì ní bínú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ṣeé ṣe, Bàbá Jùwọ́n, ẹ pè é mọ́ra, kí ẹ dárúkọ rẹ̀ létí gbogbo ènìyàn.

Kí Ọlọ́run tí ó ń rí omijé yín bá yín gbé inú ilé tí ó dákẹ́ yìí. Kí Ó tu Jùwọ́n nínú, kí Ó sì dá ohùn Khalifa padà fún un. Àmín.

Ní orúkọ gbogbo ẹgbẹ́,
Adúnọlá Ayọ̀rìndé (Ìyáàfin),
Akọ̀wé.