Ọ̀rọ̀ Òyìnbó Kan Ṣoṣo Tó Wà Nísàlẹ̀ Ìwé Rẹ

Sí Èjìdé ọmọ mi, ní Èkó,

Kí ìwé yìí bá ọ lórí ìjókòó àlàáfíà, kí ó má bá ọ lórí ẹní àìsàn. Ìyá rẹ kí ọ, ó ní kí n kí ọ dáadáa, nítorí pé tí mo bá kí ènìyàn, ó máa ń dà bí ẹni pé mò ń ná ọjà. Gbogbo agbo ilé wa ní Bẹ́yẹrunkà kí ọ. Èmi Yésúfù bàbá rẹ ni mò ń sọ ọ́, Louisa ìyàwó Tíṣà ti Kúdẹtì ni ó ń bá mi kọ ọ́, nítorí náà bí ọ̀rọ̀ náà bá gún régé ju ẹnu mi lọ, òun ni kí o dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Òjò ń rọ̀ dáadáa. Ewúrẹ́ ìyá rẹ bí ìbejì, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ awọ tí mo bá sá sóòrùn, n kò sì rí irú rẹ̀ rí, ewúrẹ́ tí ń jẹ ẹbí ara rẹ̀.

Ìwé rẹ dé. Ọládipọ̀ aládùúgbò wa tó mọ Yorùbá kà ni ó kà á fún wa. Ó kà á dé ibi tí o ti ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ ti ń mọ́ ọ lọ́wọ́, pé Mísì tó ń kọ́ yín ń béèrè bóyá kí o tún lo ọdún kan sí i, pé kí a fi èsì ránṣẹ́. Nígbà tó dé ìsàlẹ̀, ó ní èdè òyìnbó ni o fi parí rẹ̀, òun kò gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n òun rí Mísì láàárín rẹ̀ gbangba. Mo ní kí ó tún un wò. Ó ní Mísì ni. Mo rò ó síwá, mo rò ó sẹ́yìn, mo rí i pé ohun tó ń sọ ni pé ìwọ náà ti di Mísì. Bí wọ́n ṣe ń dì í kò yé mi, ṣùgbọ́n mo ní ẹni tó bá ń jókòó ti aró, díẹ̀díẹ̀ ni yóò máa ta sí i lára. Mo pa àkùkọ pupa ńlá nì. Àwọn ará Bẹẹrẹ wá bá wa yọ̀. Gàfárù ẹ̀gbọ́n mi jẹun tán, ó wá bi mí bóyá Mísì máa ń lọ́kọ, nítorí pé òun kò tíì rí èyí tó lọ́kọ nínú wọn. Ìyá rẹ gbé àwo sílẹ̀, ó wọlé lọ.

Ìgbà tí Àkíbù ìránṣẹ́ kóòtù dé ni ó ní kí n mú ìwé náà wá. Ó ní òun ti ṣe sójà rí, òun mọ ọ̀rọ̀ yẹn bí ẹni mowó, pé bí ènìyàn bá yìnbọn tí kò bá ohun tó fojú sùn, ohun tí ọ̀gá wọn máa ń sọ nìyẹn. Mo ní ta ni wọ́n yìnbọn sí nínú ìwé yìí. Ó ní bí òun ti kà á, èmi ni, ṣùgbọ́n kò bà mí. Mo jókòó. N kò rántí ohun tí mo ṣe fún ọ tó tó ìbọn. Ìyá rẹ ní Èjìdé tí kì í lè wo adìyẹ tí wọ́n fẹ́ dúńbú, òun ni yóò gbé ìbọn. Àkíbù tún ronú, ó ní ó mà tún kù o, pé bí ọkọ̀ ojú irin bá fi ènìyàn sílẹ̀ lọ, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń lò.

Ìyẹn ló wá yé mi. O ti ń bọ̀ wálé, ọkọ̀ ló fi ọ́ sílẹ̀, òmíràn ni wàá wọ̀.

Mo wọ agbádá mi tó dára, mo lọ sí ìdíkọ̀ ojú irin. Ọkọ̀ náà dé pẹ̀lú èéfín rẹ̀, àwọn èrò ń sọ̀ kalẹ̀, mo sì ń wo ojú obìnrin kọ̀ọ̀kan. Mo rí ọ̀kan lọ́ọ̀ọ́kán, bó ṣe ń gbé èjìká bí o ṣe ń gbé e náà ni. Mo fi oríkì rẹ pè é, mo ní Àwẹ̀ró. Ó yíjú padà. Ọmọ ọlọ́mọ ni. Síbẹ̀ ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá. Mo ní o ṣé, ọmọ mi. Ìgbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo bi akọ̀wé ibẹ̀ bóyá wọ́n lè bẹ ọkọ̀ náà kó padà lọ mú ẹnì kan péré. Kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ní ọkọ̀ náà kì í dá nǹkan ṣe. Ìgbà tí mo délé, ìyá rẹ ti bu oúnjẹ ènìyàn mẹ́ta kalẹ̀.

Òun ló ní kí n lọ sí Kúdẹtì. Tíṣà ṣí ìwé ńlá kan tí wọ́n to ọ̀rọ̀ òyìnbó sí bí ẹni to awọ. Ó ní ọ̀rọ̀ méjì ló jọ ara wọn lójú lásán. Ti obìnrin yẹn, wọ́n gé e kúrú láti ara orúkọ tí wọ́n ń pe ìyálé ilé láyé àtijọ́. Èkejì ti wà lẹ́nu àwọn baba ńlá wọn tipẹ́, ohun tó jẹ́ ni kí ènìyàn nawọ́ sí nǹkan kí ọwọ́ má bà á. Ibẹ̀ ni ìbọn Àkíbù ti wá, ibẹ̀ ni ti ọkọ̀ ti wá. Mo ní èwo wá ni ti ọmọ mi. Louisa ló dáhùn, ó ní, bàbá, àárò yín ló ń sọ ọ́.

Mo wá ní kí ló dé tí òyìnbó fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ṣe gbogbo èyí. Louisa ní kí n má bú wọn, pé bí òyìnbó bá gbọ́ pé àárò sọ mí, ó lè rò pé ààrò ìdáná ló wó lù mí, tàbí pé àárọ̀ ló mọ́ mi.

Mo sọ fún ìyá rẹ. Ó ní kí ló dé tí o ò fi Yorùbá sọ ọ́. Louisa ní bóyá ojú ló ń tì ọ́ láti sọ ọ́ fún bàbá rẹ. Ojú ń ti èmi náà, ògiri ni mo kọjú sí bí mo ṣe ń sọ èyí tó kàn. Bí mo bá jí láràárọ̀ tí mo fẹ́ ṣe àlùwàlá, ìwọ ni mo máa ń pè pé kí o gbé búútà wá. Mo máa ń pè ọ́ tán kí n tó rántí. Ohùn náà á lọ, kò ní bá ẹnikẹ́ni.

Sọ fún Mísì pé wàá lo ọdún náà. Má torí wa fi iṣẹ́ sílẹ̀ lójú abẹ́rẹ́. Ìyá rẹ kò fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti gbà, ó kàn ní a gbọ́dọ̀ wá wò ọ́, ó sì ti di ẹrù rẹ̀. Nítorí náà, jọ̀wọ́, fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bí kò bá tó ti ènìyàn méjì, ti ìyá rẹ ni kí o fi ránṣẹ́. Èmi á máa fẹsẹ̀ tọ irin náà bọ̀, wọ́n ní kì í yà síbì kan títí tó fi dé Èkó.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká wá ọ tì. Ẹsẹ̀ rẹ kò ní ṣìnà, ẹni rere ni yóò máa ṣílẹ̀kùn fún ọ níbikíbi tí o bá kàn.

Èmi ni Yésúfù, bàbá rẹ.