Fáànù Tó Ṣeé Tú

Màámi,

Ẹ kú ilé o. Koko lara mi le bí ọta.

Ọ̀gá wa ní, "Ẹnjiníà, yọ nọ́ọ̀tì ara fáànù tó o ṣe yìí, fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ pa. Tó bá bàjẹ́, kí wọ́n ra òmíràn." Mo ní n ò kàwé torí àtiṣe pàǹtí. Ó ní kí n lọ rò ó nílé.

Mo ti rò ó. N ò ṣe.

Nílé náà ni mo ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, lórí tábìlì ìdáná. Ó tù mí lára gan-an. Ẹ má pe ọ́fíìsì mọ́. Nọ́ọ̀tì ni mo fi de fáànù tèmi. Ẹ̀yin gan-an lè tú u.

Ẹ bá mi kí Bàámi àti fáànù pálọ̀ tí wọ́n ń tún ṣe láti kékeré mi. Ẹ ní kí fáànù náà rọ́jú, àbúrò ẹ̀ ń bọ̀.