Iṣu Tí Akọ̀wé Gbà

Ìdí-Òrò, Mushin
Oṣù Kẹsàn-án, 1956

Bàbá mi,

Ara mi le, iṣẹ́ sì ń lọ. Iṣu márùn-ún tí ẹ fi ránṣẹ́ dé. Mo gbé mẹ́rin lọ fún akọ̀wé ilé ìtajà tó ta máṣíìnì ìránṣọ fún mi láwìn, torí n kò rí owó oṣù méjì san. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ní kí wọ́n ṣe sùúrù di oṣù tó ń bọ̀. Akọ̀wé rẹ́rìn-ín, ó gba iṣu, ó ní kí n kí yín. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá gbé máṣíìnì lọ.

Kò yé mi. Nígbà tí ẹ jẹ Bàbá Alágbẹ̀dẹ lówó, iṣu mẹ́ta péré lẹ fi bẹ̀ wọ́n, wọ́n sì dúró dè yín di ìkórè. Ṣé mẹ́rin ló kéré ni, àbí iṣu kọ́ là ń gbé lọ níbí?

Ẹ má ṣe àníyàn, aṣọ tí a fọwọ́ rán kì í tètè tú. Ẹ̀wù yín wà lọ́wọ́ Àǹtí Adùnọlá tó ń bọ̀ wálé. Ẹ bá mi kí Ìyá, ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n yẹ apá òsì rẹ̀ wò.

Ọmọ yín,
Ọ̀jẹ̀túndé