Itọ́ Màmá àti Omi Èrìgì Wọn

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ọ̀hún o. Mo kí ìyàwó wa, mo kí àwọn ọmọ. Onílé ti tún òrùlé ṣe, òjò ò yọ wá lẹ́nu mọ́.

Dókítà eyín fẹ́ fi itọ́ Màmá wo àmì bóyá àìsàn èrìgì wọn ti ń lọ sílẹ̀. Ó ní kí wọ́n má fọ ẹnu kí wọ́n tó wá. Wọ́n fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n tún fi omi iyọ̀ ṣàn án. Màmá ní, "Ṣé ẹnu àìfọ̀ ni kí n là sí ọmọ ọlọ́mọ lójú?" Itọ́ ọ̀hún wá dà bíi ti ẹni tó ti gbádùn. Ni dókítà bá ti bébà tín-ínrín bọ àárín eyín àti èrìgì, ó fi fa omi tó wà níbẹ̀. Omi yẹn ò bò wọ́n láṣìírí: àìsàn náà ṣì ń jẹ egungun tó di eyín mú.

Ẹ̀gbọ́n, bí wọ́n ṣe fọ ẹnu de dókítà ni wọ́n ń fọ̀ ọ́ dè yín lórí fóònù. Ẹran lílọ̀ ni wọ́n ń jẹ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wọn jẹun lójúkojú.

Ọlọ́run á mú yín dé ilẹ̀kùn wa láyọ̀.

Màmá ní kí n kọ ọ́ pé ara àwọn dá ṣáṣá. Mo ti kọ ọ́.

Àbúrò yín obìnrin