Báírò Pupa Tísà

Ọjọ́ Ajé, 5 Oṣù Kẹjọ 2024
Salamot ìyàwó mi kú ní Jímọ̀, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹfà. Ẹ̀jẹ̀ ríru. Tísà ni mo máa ń pè é. Ó kọ́ ọmọ ní Òsì ìlú wa fún ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, kò rí èmi kọ́. Mò ń sọ, Ameenat àbígbẹ̀yìn wa ń kọ. Ó ní yóò mú àyà mi fúyẹ́. Kò tíì fúyẹ́.

Àlàmísì, 8 Oṣù Kẹjọ
Ameenat ń fi ìtàn kékeré kan tí Tísà kọ ṣe ìwé aláwòrán, ọwọ́ lásán. Ó ń fi ìda bo irin pẹlẹbẹ, ó ń fi abẹ́rẹ́ ya àwòrán sórí ìda, ó ń rì í sínú ásíìdì. Ibi tí abẹ́rẹ́ bá gbà, ibẹ̀ ni ásíìdì ń jẹ. Lẹ́yìn náà, ó ń fi tàdáwà kùn ún, kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà. Ilé mi ń rùn bíi ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń ṣáàjì bátìrì.

Ìtàn náà — ọkọ obìnrin kan bá ọ̀nà oko lọ, kò padà. Obìnrin kọ ebè iṣu sójú ọ̀nà náà gan-an. Ó ní bí ó bá ń bọ̀, yóò kọsẹ̀, òun yóò gbọ́.

Èmi náà lọ sí Ìbàdàn rí. Ọdún mẹ́rin. Nígbà tí mo dé, Tísà bu oúnjẹ fún mi. Kò bi mí ní nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 10 Oṣù Kẹjọ
Mo ní ebè Òsì kì í ṣe ṣóńṣó bẹ́ẹ̀. Ameenat ní, "Bàbá, ẹ gba abẹ́rẹ́, kí ẹ kọ ebè yín." Mo gbà á. Mo tẹ̀ ẹ́ mọ́ ìda. Ìlà kan ṣoṣo, ó wọ́. Ó ní òun ò ní pa á rẹ́.

Àìkú, 11 Oṣù Kẹjọ
Òjò.

Ìṣẹ́gun, 13 Oṣù Kẹjọ
Ó ku àwòrán ìparí. Ameenat ka ibi tó kù fún mi: obìnrin gbọ́ ẹsẹ̀ láàárín ebè, ó dìde, ó mú àtùpà. Ó tán síbẹ̀. Ó ní báírò búlúù ló tán lọ́wọ́ Màámi, pé pupa ni wọ́n fi kọ ìlà tó kẹ́yìn, ewé tó tẹ̀ lé e ti ya.
"Bàbá, ewé yòókù ńkọ́?"
Mo ní eku ni.
"Eku wo ló ń ya ìwé gbọọrọ báyìí?"
Mo ní eku Òsì. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Alárùbá, 14 Oṣù Kẹjọ
Tísà ka ìtàn yẹn fún mi rí. Mo sùn lọ. Ó jí mi: "Bàbá Abdulhafeez, ẹ̀yin ni mò ń kà á fún o." Mo ní kó di ọ̀la.

Àlàmísì, 15 Oṣù Kẹjọ
Ameenat, kọ ọ́ bí mo ṣe wí. Má dín in.
Kì í ṣe eku. Èmi ni.
Tísà ló kọ́ mi: bébà tí pupa bá kún, iṣẹ́ ọmọléèwé tí òun ti máàkì ni, kí n máa fi dáná. Búlúù, kí n má fọwọ́ kàn án. Gbogbo ìwé tí mo mọ̀ nìyẹn. Lọ́jọ́ fídáù rẹ̀, òjò ti pa igi. Àwọn obìnrin ń pariwo: "Bàbá, iná ò ràn o!" Mo wọlé. Mo rí pupa. Mo ya á.
Iná ràn. Ìparí ìtàn rẹ̀ la fi dá iná ìrẹsì fídáù rẹ̀. Mo jẹ ẹ́, mo tún bu sí i.
Ọjọ́ yẹn kan náà ni Abdulhafeez, àkọ́bí wa, béèrè ìwé ìyá rẹ̀. Mo jágbe mọ́ ọn: "Ṣé ìwé lo wá jogún?" Kò jẹun. Ó padà sí Ìlọrin. Kò pè mí mọ́. Èmi náà ò pè é.

Ameenat gbé báírò sílẹ̀, ó jáde. Ó pẹ́ gan-an. Ó wọlé, ó jókòó. "Ẹ máa sọ, Bàbá."
Mo ní kó pa ìwé dé.

Jímọ̀, 16 Oṣù Kẹjọ
Mo ní kó ya ọkọ tó ń wọlé, kí obìnrin máa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ohun tí ẹ̀yin fẹ́ nìyẹn. Ṣé ohun tí Màámi kọ nìyẹn?"
Mi ò mọ̀.
Ó ní Màámi ka gbogbo rẹ̀ fún Bọ̀ọ̀dá Abdulhafeez lórí fóònù, nínú ààwẹ̀. Gbogbo rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ò sùn.

Irin ìkẹyìn wà lórí tábìlì. Ìda ti wà lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ò tíì kàn án.

Abdulhafeez, ìwọ ni àkọ́bí. Ameenat yóò fi ìwé yìí ránṣẹ́ sí ọ. Búlúù ló fi kọ ọ́. Bí obìnrin yẹn bá ṣílẹ̀kùn nínú èyí tí ìyá rẹ kà fún ọ, sọ fún àbúrò rẹ kó yà á. Bí kò bá ṣí i, kó yà á bẹ́ẹ̀. Má wo ojú mi. Ọwọ́ rẹ ni mo fi í sí.